Kò Séwu, Ẹ Kàn Yọjú Sílé

Òjò ti rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò fi ìtura kankan sílẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni oòrùn yọ ganrínganrín, ojú títì ń rú èéfín bí ìkòkò ẹ̀kọ, òórùn gọ́tà sì bo gbogbo àdúgbò wa ní Festac. Ooru náà lé mi jáde nínú ilé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo ń ṣa ẹ̀wà.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ọkọ mi ń kó àpótí síbẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ní báyìí, àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ló ń kó ẹ̀rọ rẹ̀ síbẹ̀. Sáfà ni wọ́n ń pè wọ́n. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n wà fún: ilé ìwòsàn kékeré kan ní Satellite Town ń kó káàdì gbogbo aláìsàn wọn, àkọsílẹ̀ àìsàn àti oògùn wọn, sínú àwọn ẹ̀rọ náà. Àwọn ni oníbàárà tó gbé ọmọ mi ró. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, yàrá yẹn á padà di ilé àpótí.

Ẹ̀rọ wọ̀nyí kò fẹ́ ooru, éésì gbọ́dọ̀ máa fẹ́ sí wọn tọ̀sán tòru. Ọmọ mi wá ní kí Bọ̀dá kan ní ìjọ wa, tó ń bá a ṣiṣẹ́, ṣe ìkìlọ̀ sí i: bí éésì bá kú, bí yàrá bá gbóná, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ̀wé sórí fóònù òun. Bọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán lọ́sẹ̀ yẹn ni. Ọmọlúàbí èèyàn. Bó bá ń kí mi, àyà rẹ̀ á kan sìmẹ́ǹtì.

Ọmọ mi ti lọ sí Trade Fair lọ ra bátìrì nígbà tí imú mi gbọ́ òórùn ike tó ń jó. Yàrá wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì rẹ̀. Mo pè é.

"Máa bọ̀ o. Nǹkan ń jó nínú yàrá rẹ."

"Màmá, mo ti rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì láti àárọ̀. Ó ní kò séwu."

"Ta ló ní kò séwu?"

"Ẹ̀rọ náà ni."

"Ẹ̀rọ kò ní imú. Èmi ní. Máa bọ̀!"

Nígbà tó fi máa ṣílẹ̀kùn, éésì ti kú tipẹ́, ẹ̀rọ ńlá náà gbóná bí agbada àkàrà, kò sì tan mọ́. Ó fi fóònù hàn mí. Ohun tí ẹ̀rọ ń kọ sí i léraléra láti àárọ̀ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kò séwu o. Bí ẹ bá ráyè, ẹ kàn yọjú sílé."

"Mo rò pé ó kàn ń kí mi ni," ọmọ mi wí, ó ń sunkún.

Bọ̀dá sáré dé. Ọmọ mi jágbe mọ́ ọn.

"Bọ̀dá, irú ọ̀rọ̀ wo lẹ kọ sínú ẹ̀rọ yìí?"

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Ṣé kí n wá kọ ọ́ pé ó ti ń kú lọ ni? Bí ẹ bá ń wakọ̀ ńkọ́? Bí àyà yín bá já ńkọ́?"

"Kó já!" Èmi ni mo dá a lóhùn. "Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un nìyẹn. Àbí ẹ̀rọ náà ń wá ọkọ ni, tó fi ń rọra sọ̀rọ̀?"

"Màmá, bí ẹ ṣe tọ́ wa nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ burúkú, ńṣe là ń rọra sọ ọ́ fún ọ̀gá ẹni."

Ibẹ̀ gan-an ni inú ti bí mi. Òótọ́ ló sọ, òótọ́ náà ló sì ń dùn mí. Abẹ́òkúta ni mo wà, nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, lọ́jọ́ tí ọkọ mi ṣubú. Àwọn ará ilé pè mí: "Ibà díẹ̀ ló mú Dádì, ẹ máa bọ̀, ẹ má wulẹ̀ sáré." Mi ò sáré. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń yan ọsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ná an, torí ọsàn tó bá kan kì í wọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti to àga síwájú ilé. Ó ṣì ń mí nígbà tí wọ́n pè mí o! Títí dòní, wọ́n ní kí àyà mi má baà já ni àwọn ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló rán wọn? Àyà tèmi ni, kí wọ́n jẹ́ kó já mi nígbà tí jíjá rẹ̀ ṣì wúlò.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi jókòó, ó ń kọ̀wé sí dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà. Mo ní kó kà á sí mi létí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdíwọ́ díẹ̀ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fara dà á fún wa."

"Káàdì wọn ńkọ́?"

"Èyí tí mo dà kọ síbòmíràn kò pé, Màmá. Ti oṣù yìí ti lọ."

"Ìyẹn lò ń pè ní ìdíwọ́ díẹ̀? Ìwọ tó o jágbe mọ́ Bọ̀dá lọ́sàn-án?"

Ó wá ní, "Wọ́n á kọ̀ mí, Màmá."

"Kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ̀ ẹ́. Aboyún tó gba oògùn lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́, ta ló máa rántí èyí tí wọ́n fún un? Pa á rẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, kí ilé ìwòsàn tó ṣí, èmi àti ọmọ mi ti wà lórí bẹ́ǹṣì wọn. Nígbà tí dókítà dé, mi ò jẹ́ kí ìkíni gùn.

"Dókítà, ẹ̀rọ wa jó lánàá. Káàdì oṣù yìí ti ṣòfò. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lóògùn lórí ohun tí ẹ rò pé ẹ rántí."

Ojú rẹ̀ le. Ó jágbe mọ́ ọmọ mi dáadáa, a sì gbà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló pe nọ́ọ̀sì pé kó bi gbogbo aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ó ní ká lọ tún un ṣe, kí òun fojú ara òun rí i, kí òun tó mọ ohun tí òun máa sọ.

A délé, mo ní kí Bọ̀dá jókòó sídìí ẹ̀rọ tí kò jó, mo dúró sí i lẹ́yìn títí tó fi pa gbogbo ẹ kú iṣẹ́ yẹn rẹ́, tó sì kọ ọ̀rọ̀ tèmi: "Ẹ̀rọ ń jó. Sáré wá."

"Màmá, ẹ ò ní jẹ́ ká fi 'ẹ jọ̀ọ́' kan ṣoṣo sí i?"

"Rárá. Fi nọ́ńbà tèmi sí i."