Bọ́tìnì Kẹta

Bàbá Bọ́tìnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì nídìí. Ẹṣin kúkúrú ló ń sìn, irú èyí tí ẹni tí ò mọ̀ á rò pé ọmọ ẹṣin ni. Kékeré labẹ́rẹ́ o, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Èyí tó bá pé nínú wọn, etí ẹ̀ á rí ṣóńṣó, iwájú orí á fẹ̀, ẹ̀yìn á kúrú, àyà á jìn, pátákò á le bí òkúta. Òjò á pa á, òtútù á mú un, á kàn gbọn irun ọrùn dànù ni.

Àmọ́ gíga lolórí ẹ̀. Bàbá kì í fọ̀pá wọ̀n ọ́n. Á wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, á dúró ti ẹṣin. Èjìká ẹṣin ò gbọdọ̀ kọjá bọ́tìnì kẹta látòkè. Ìyàwó ẹ̀ ló ń rán ṣẹ́ẹ̀tì náà, ojú ibì kan náà ló máa ń rán bọ́tìnì sí. Ìyẹn ti kú lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ wà lókèèrè, wọ́n á pè lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á bi í bóyá ó ti jẹun, ó parí. Abo ẹṣin kan ṣoṣo ló kù sílé.

Arábìnrin kan látinú ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin irú ẹṣin yìí ń bọ̀ wá yẹ abo náà wò. Tó bá kọ̀ ọ́, kò ní wọ̀wé ìdílé ẹṣin, kò sẹ́ni tó máa mú akọ wá fún un, ìran ẹ̀ pa rẹ́ nìyẹn.

Ó ku ọ̀la kó dé, Bàbá dúró ti ẹṣin. Bọ́tìnì kejì. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó tún un wọ̀. Bọ́tìnì kejì náà ni. Ẹṣin ọdún mọ́kànlá tún ń ga? Ó gé pátákò ẹ̀ títí kò fi sí nǹkan tó ṣeé gé mọ́.

“Ìwọ náà fẹ́ fi mí sílẹ̀, àbí?” ló bi í.

Nígbà tí arábìnrin náà dé, Bàbá ní kó má wulẹ̀ yọra ẹ̀ lẹ́nu. Ìyẹn wo etí, ó wo ẹsẹ̀, ó gbọ́pá irin lé èjìká ẹṣin. Ó ní ó wọlé, ó tiẹ̀ ku ìka méjì kó tó kan ìwọ̀n ẹgbẹ́. Bàbá ní ọ̀pá ẹ̀ ń purọ́.

Ni arábìnrin bá rí ilà kan lára òpó ẹnu ọ̀nà, ó bi í pé kí ni. Bàbá ní ìyàwó òun ló fi ọ̀bẹ fà á síbi tórí òun dé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́lé ẹṣin náà tán, ó ń fi gíga òun ṣe yẹ̀yẹ́. Arábìnrin ní kí Bàbá dúró tì í. Ilà wà lókè, orí Bàbá wà nísàlẹ̀.

“Ẹṣin ò ga, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kúrú. Wọn ò sọ fún yín nílé ni?”

Bàbá wolẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń báni rí tẹni. Ta ló wà nílé?

Arábìnrin kọ ẹṣin sínú ìwé, ó bá tiẹ̀ lọ. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Ó pẹ́ kí òwú tó wọlé. Ó tú bọ́tìnì kẹta, ó rán an sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ibi tí èjìká ẹṣin bá a dé báyìí.

Ihò bọ́tìnì ò bá a mu mọ́, àyà ṣẹ́ẹ̀tì là sílẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ rí i?