Ìwé Ìgbéyàwó Irmtraud

Ọdún méjì gbáko lẹ́yìn ogun ni èmi àti Irmtraud Behnke fi jókòó kojú síra wa ní ọ́fíìsì àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Bremerhaven, nílẹ̀ Jámánì wa. Èmi ń to fáìlì; òun ń tẹ ìwé àwọn ọmọge wa tó fẹ́ fẹ́ sójà. Ẹ̀dà méje ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ṣì, Irmtraud á dá gbogbo rẹ̀ padà, ìyàwó ìbáà máa sunkún. Inú rẹ̀ máa ń bí mi, kí n má purọ́.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé òkúta ni wọ́n fi ṣe ọkàn rẹ ni?"

Ó ní, "Màmá, ìwé tí irọ́ bá ti wọ̀, kì í ṣe ìwé mọ́."

Ìgbà tó yá, ìfẹ́ mú òun náà. Delbert Hruska lọkùnrin náà, sójà awakọ̀ ẹrù, ọmọ Nebraska ní Amẹ́ríkà, ó ga fíofío, gbogbo èdè wa tó gbọ́ kò ju "ọ̀dùnkún" àti "ẹ jọ̀ọ́" lọ. Lọ́jọ́ Ajé kan, àṣẹ dé pé ọkọ̀ ojú omi yóò gbé e lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí ìwé ìgbéyàwó kò bá jáde ṣáájú, ó di kó dá lọ, kò sì ní padà wá mọ́.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òfin sọ pé ọmọ ilẹ̀ wa tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, tó bá fẹ́ fẹ́ sójà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà tán, kó fiṣẹ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ìwé sì dé ojú fèrèsé àwọn agbàwé, àwọn tó ń gba ìwé wọlé, lọ́jọ́ náà gan-an. Aago márùn-ún là ń jáwọ́. Aago márùn-ún náà ni wọ́n ń ti fèrèsé.

Ọ̀gágun Whitcomb, ọ̀gá wa tuntun, figbe ta. "Wèrè wo ló kọ eléyìí?"

Irmtraud ní, "N ò mọ̀, sà. Èmi ni mo kàn tẹ̀ ẹ́."

"Kọ ọ́ pé àná lo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ jàre! Ta ló fẹ́ wò ó?"

"Mo wà níbí lánàá, sà. Ẹ̀yin náà rí mi."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi fáìlì là á lórí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ, Ọjọ́rú lọ. Ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n kò yéé tẹ ìwé ẹlòmíì.

Nígbà tó di Sátidé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì lu méjìlá, gbogbo wa dìde, a wọ kóòtù. Ní ilẹ̀ tiwa, iṣẹ́ Sátidé kì í kọjá agogo yẹn, ìbáà ku ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà.

Ọ̀gágun yọjú. "Níbo lẹ ń lọ? Ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ni!"

Mo ní, "Ilé ni, ọ̀gá. Iṣẹ́ òní ti parí."

"Àwa ará Amẹ́ríkà ń ṣe é títí di márùn-ún o!"

Irmtraud dúró, apá kan nínú kóòtù. "Ọ̀gá, fèrèsé àwọn agbàwé ńkọ́?"

"Ó ṣí títí di... márùn-ún!" Ọkùnrin náà nawọ́ sí Irmtraud. Ó pariwo pé, "Gbé ìwé náà wá! Gbé bírò wá!"

Ó fọwọ́ sí i. Àwa méjèèjì sáré bọ́ọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, èmi àti eékún mi tó ń ro mí. Àwọn agbàwé gbà á, wọ́n lu òǹtẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ọkọ̀ gbéra, wọ́n ṣègbéyàwó, ilé ìdáná mi la sì ti jẹ ẹja àti ọ̀dùnkún.

Nígbà tí Delbert jáde lọ bu èédú, Irmtraud fa ìwé tí wọ́n ká yọ nínú báàgì rẹ̀. Ìwé ìbéèrè fún ìgbéyàwó tirẹ̀ ni, ẹ̀dà méje, pẹ̀lú ọjọ́ ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó jẹ́ irọ́ pátápátá. Kò sí lẹ́tà kan tó ṣì níbẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ Irmtraud?"

"Alẹ́ Ọjọ́rú ni mo tẹ̀ ẹ́, màmá. Ká ní Sátidé kò gbè mí, èyí ni ǹ bá fà lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé."

Ó kó o sínú ààrò.

"N ò mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó báyìí," ó wí.