Orogún Mi Tí Kì Í Kú

Obìnrin ló máa ń ní orogún. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọkùnrin náà lè ní i, àfi lọ́dún tí ìyá ìyàwó mi kú, tí mo rí i pé ẹnì kan wà láàárín èmi àti ìyàwó mi, ó sì ti wà níbẹ̀ kí n tó débẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mi ṣe máa ń sọ, ó ti wà kí Ifangni, ìlú wa, tó ní orúkọ, kí wọ́n tó dá ilẹ̀ tí a tẹ Ifangni dó sí. Kí ni ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dù?

Olùkọ́ filọ́sọ́fì ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo kàwé ní yunifásítì débi pé bí èèyàn bá béèrè ọ̀nà Igolo lọ́wọ́ mi, màá kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń pè ní ọ̀nà. Ìyàwó mi ní tiẹ̀ ń yan gàrí ní ahéré tó wà lẹ́yìn ilé wa. Òun àti màmá kan tó jẹ́ opó, tó ń wá láti Daagbé láràárọ̀, ni wọ́n jọ ń ṣe é.

Bí agbada bá ti gbóná láàárọ̀, ìyàwó mi á bẹ̀rẹ̀ sí í bá Jésù sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àdúrà aláriwo tí àwọn kan fi ń jẹ́ kí àdúgbò mọ̀ pé wọ́n ti jí. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹni tó jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ó ń sọ fún un pé ẹ̀gẹ́ àná kò gbẹ dáadáa, pé orúnkún ń dun òun, pé àwọn oníbàárà Igolo ti tún fẹ́ já gàrí gbà lówó pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn náà ló máa gbé oúnjẹ wá fún mi, á ní, "Ẹ káàárọ̀. Oúnjẹ yín rèé." Ọ̀rọ̀ tiwa ti parí nìyẹn.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, mo rò pé àsìkò mi dé. Mo gba àyè níbi iṣẹ́. Mo to gbólóhùn ìtùnú jọ, òmíràn nínú wọn dára débi pé mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó sunkún lé mi léjìká. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tó padà sí ahéré, ẹkún náà sì bá a lọ síbẹ̀. Mo máa ń jókòó ní pálọ̀, kí n máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé, bí ọkùnrin ṣe ń gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tó yẹ kó sọ fún mi nípa ìyá rẹ̀, ọ̀hún ló ń gbé e lọ. Èmi fẹ́ kó gbé e wá fún mi. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Mo bá lọ bá orogún mi níbi iṣẹ́. Mo sọ fún wọn pé mo wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Màmá Daagbé sún fún mi, ó ní kí n má jẹ́ kí èéfín ba awò ojú mi jẹ́. Wọ́n fún mi ní àwẹ́ igbá tí wọ́n fi ń yan gàrí. Iṣẹ́ náà kò le, bí ènìyàn bá lè gbọ́ òfin kan péré: ọwọ́ kì í dúró. Èèyàn á máa tẹ gàrí mọ́ agbada, á máa yí i, á máa tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi gbẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo bi ìyàwó mi pé ìtùnú wo ni káfíńtà ilẹ̀ òkèèrè kan lè fún ẹni tó ń yan gàrí. Ó ní ẹni náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ilé káfíńtà, ó ti wà láìní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹni tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún! Mo ṣàlàyé ohun tí àkókò jẹ́, mo ṣàlàyé èyí tí àwọn Gíríìkì sọ, mo wá kan àìnípẹ̀kun fúnra rẹ̀. Àìnípẹ̀kun kò ṣeé ṣàlàyé pẹ̀lú ọwọ́ kan. Mo gbé igbá sílẹ̀.

Òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Gàrí ti dì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú. Màmá Daagbé mú igbá náà jẹ́jẹ́.

"Pùrófù, ẹ ṣì wà lórí àìnípẹ̀kun, gàrí ti kú."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bí mi nínú. Mo sọ ohun tí n kò fẹ́ sọ. "Èmi ni ọkọ rẹ. Kí ló dé tí o kì í sọ ọ́ fún mi?"

Màmá Daagbé dìde, ó ní òun ń lọ pọnmi. Omi kún dúrọ́ọ̀mù níwájú rẹ̀.

Ìyàwó mi ha agbada náà títí kó tó dáhùn. "Bàámi ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́ fún. Wọ́n kú. Mo ń sọ ọ́ fún màámi. Wọ́n kú. Ẹ̀yin náà á kú."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀.

Mo ní ẹni tó ń sọ yẹn náà kú, wọ́n sì sin ín, inú Bíbélì rẹ̀ ló wà.

"Wọ́n sin ín lóòótọ́. Ṣé ó dúró síbẹ̀?" Ó da gàrí tó jó náà sílẹ̀ fún adìyẹ. "Mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé gbogbo rẹ̀ lé yín lórí, ojoojúmọ́ ni màá máa ṣọ́ yín bóyá ẹ ṣì ń mí. Òun ti wà kí màámi tó dé, ó sì wà níbi tí wọ́n lọ. Òun nìkan ni n kò ní sin."

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé èmi gan-an ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ènìyàn bóyá ó ṣì ń mí. Bí ìyàwó mi bá gun zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa, lọ ta gàrí ní Igolo, mo máa ń pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin, kí n wá parọ́ pé kọ́kọ́rọ́ ni mò ń wá. Gbogbo ara mi ni mo gbé lé obìnrin kan tí orúnkún ń dùn. Mo rò pé Jésù ni mò ń jowú. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ìyàwó mi ni mò ń jowú, nítorí ó rí ibi tó gbé ẹrù sí, èmi kò rí.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Igolo. Òjò rọ̀, ọ̀sán pọ́n, kò dé. Mo mú fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Mo bọ́ sí ahéré, mo jókòó, mo sì wá ọ̀rọ̀ tì. Gbogbo gbólóhùn mi dùn jù fún ẹni tó ti gbọ́ gbólóhùn láti ìpilẹ̀ ayé. Níkẹyìn mo ní, "Ìwọ lo wà lọ́hùn-ún. Èmi ò sí níbẹ̀. Bá mi tọ́jú rẹ̀." Mo sọ ọ́ tìbínú-tìbínú, bí ẹni tó ń kó kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ fún orogún. Síbẹ̀, àyà mi rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún sọ ọ́. Mo ṣì ń sọ ọ́ láràárọ̀, owú náà kò sì tíì tán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò yẹn, ìyàwó mi dé pẹ̀lú aṣọ tútù, ó ní ṣé fóònù mi bàjẹ́ ni tí n kò fi pè. Mo ní mo ti sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Ó wò mí. "Kí lẹ sọ fún un?"

Mo fún un ní aṣọ gbígbẹ. Ó tún bi mí. Nígbà tó rí i pé n kò ní sọ ọ́, ó fa àpótí, ó jókòó tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé mo béèrè. Ó ní ohun tí ìyá òun bi òun kẹ́yìn, kí wọ́n tó pa ojú dé, ni bóyá èmi ti jẹun.