Ẹni Tí Kì í Jẹ́ Ìpè Àkọ́kọ́

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí nígbà náà. Ọmọbìnrin aládùúgbò mi ní àdúgbò Titirou, tí mo kọ́ nílé ìwé rí, kì í dáhùn bí a bá pè é lẹ́ẹ̀kan. Ìyá rẹ̀, tó ta aṣọ ní ọjà Arzèkè títí ó fi kú, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó ní iwin kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa ń bá a wí pé ìwà yẹn kò yẹ ẹni tó kàwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kó lẹ́tà méjì wá bá mi. Ilé ẹ̀kọ́ òwò gbà á. Ilé iṣẹ́ ìṣúná kan ní Cotonou sì fẹ́ gbà á pẹ̀lú owó oṣù ńlá. Mo ní kó gba iṣẹ́.

Fóònù rẹ̀ dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kí èmi náà lè gbọ́, kò sì kí ẹni tó pè pé "aló". Obìnrin kan pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ nìkan fi ń pè é, ó ní, "Sọ pé o gba iṣẹ́ náà. Kíá!"

Kò fọhùn títí fóònù fi kú.

"Bàbá, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, níwájú mi, ọkùnrin kan pè é lẹ́ẹ̀mejì láti ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tó gbé èkejì tó sì bi í, ọkùnrin náà ní àwọn kò pè é lánàá.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ilé ẹ̀kọ́ ni mò ń lọ."

Ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹni tó ń kánjú báyẹn, kì í ṣe owó ló fẹ́ fún mi."

N kò bá a wí mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀wọ́, ohunkóhun tó bá ń pè yín, ẹ jẹ́ kó pè lẹ́ẹ̀kejì.