Ọwọ́ Tó Di Ọ̀pá Áńtẹ́nà Mú ní Mafolúkù

Ó dìgbà kan ná o, Bàbá mi. Ẹ ti jáde, lọ́tẹ̀ yìí kò sì sí ẹni tó ní kí ẹ jáde. Ẹ rọra dìde láàárín wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín, ẹ kò pariwo, ẹ kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nígbà tí a máa fi wò yíká, àyè yín ti ṣófo. Ọmọ Ìlaròó, ọkọ ìyá wa, ọ̀gá àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Òṣòdì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń jí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ní kí wọ́n lọ dà nù, ikú yín dùn mí dé egungun.

Èmi Bùnmi, àkọ́bí yín, ni mò ń kọ èyí. Àwọn àbúrò mi ti kọ nípa inú rere yín àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe nínú ìjọ, òtítọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀. Mo ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kan sí yín nígbà tí mo wà lọ́mọdé, níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo sì ti ṣẹ̀ ẹ́, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ níṣojú gbogbo ẹni tó wá sin yín lónìí. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni.

Kò sí ẹni tó mọ̀ yín tí kò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Ṣọ́ọ̀bù yín kò jìnnà sí ojú irin Òṣòdì, tí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo nǹkan kéékèèké tí ẹ kó sínú agolo mílíìkì á máa gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ wa bá fẹ́ wọ pápá, ẹ kì í jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n oníbàárà kankan sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láti àárọ̀, ẹ ó sì fi orí yín rù ú lọ fún ẹni tó ni ín. Mo bi yín léèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní, "Kò dáa kí èèyàn wà nínú ilé ẹ̀ kó máa gbọ́ ariwo ayọ̀ láti ilé ẹlòmíì." Mo fẹ́ kí gbogbo wa rántí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ẹni tó sọ ọ́ gan-an ni a wá fi sí ìta.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mafolúkù ni a ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, yàrá tiwa ló wà níwájú. Ẹ ti kó ara tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tó ti kú jọ, ẹ sì fi wọ́n ṣe ẹyọ kan tó tóbi ju ti gbogbo àdúgbò lọ. Ọjọ́ bọ́ọ̀lù, gbogbo ayálégbé ni yóò gbé àpótí ìjókòó wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n pápákọ̀ òfuurufú kò jìnnà sí wa. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ gba orí òrùlé wa kọjá, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn agbábọ́ọ̀lù á di òjìji. Ẹ̀yin ni ẹ ó jáde lọ yí ọ̀pá áńtẹ́nà tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni mo máa ń yọrí lójú fèrèsé láti dá yín lóhùn.

"Ṣé ó ti kílíà?"

"Kò tíì kílíà, Dádì. Ẹ tún un yí díẹ̀."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti kílíà. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gbá ẹyọ kan wọ àwọ̀n wa. Àwòrán bàjẹ́, ẹ jáde, ẹ di ọ̀pá mú, Nàìjíríà sì gbá tiwa wọlé. Ẹ sáré wọlé wá wò ó, àwòrán tún bàjẹ́. Ẹ padà síta, bí ẹ ṣe ń di ọ̀pá mú, a tún gbá ìkejì wọlé. Bàbá Ràsákì, ayálégbé tó ń gbé ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú, fò sókè títí tó fi fi orí gbá gílóòbù. Èmi ni mo wá yọrí, tí mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo ń kábàámọ̀ títí di òní: "Dádì, ẹ má wọlé mọ́ o. Tí ẹ bá ti wà níta ni wọ́n máa ń gbá a wọlé."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ sì dúró síbẹ̀ títí rẹfirí fi fun fèrè ìkẹyìn. Àgbàlagbà mìíràn ì bá gbójú fo ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀yin gba ọ̀rọ̀ mi bí òfin. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, kò sí ẹni nínú ilé náà tó tún ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òtítọ́ ni. Bí wọ́n bá ti ń kọ orin orílẹ̀-èdè lórí pápá, ẹ ó dìde, ẹ ó wọ sálúbàtà yín, ẹ ó sì jáde. Bàbá Ràsákì á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Bàbá Bùnmi."

Mo wá di ojú yín. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń ròyìn bọ́ọ̀lù fún yín, ta ló gbà á, ta ló pàdánù rẹ̀, nọ́ńbà wo ló wà lẹ́yìn ẹni tó ṣubú. Ẹ kì í dá mi dúró, àfi kí ẹ bi mí pé, "Ṣé ó fò lókè ni, àbí ilẹ̀ ló gbà?" Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ títí á fi yé yín. Bí a bá fìdí rẹmi, ẹjọ́ di tiyín. Bàbá Ràsákì á ní ó dá òun lójú pé ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára ọ̀pá. Ẹ ó tọrọ àforíjì, ẹ ó ní ẹ̀fọn kan ló jẹ yín létí. Nígbà kan, òjò bẹ̀rẹ̀ kí ìdajì kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa ní kí ẹ wọlé, kí àrá má lọ gba ara irin náà. Ẹ kọ̀. Ìyá wa gbé agbòjò jáde, ó dúró tì yín, ó ń bú gbogbo wa láti ibẹ̀. A borí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òtútù òjò náà mú yín láyà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn jù wà níwájú. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá. Ìdíje ńlá ni, a ti gbá ẹyọ kan, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó parí. Èmi náà ti gbàgbé yín síta, mo ti wọ àárín èrò lọ, ẹnu mi ti dákẹ́. Ẹ dúró, ẹ dúró, ẹ kò gbọ́ nǹkan kan. Ni ẹ bá rọra ṣí ilẹ̀kùn, ẹ yọjú díẹ̀, bí àlejò tó ń bẹ̀rù pé òun lè dí wọn lọ́wọ́. Bí ẹ ṣe yọjú ni wọ́n gbá a wọ àwọ̀n wa. Gbogbo èrò yíjú wò yín. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, àfi èmi. Mo bú sẹ́kún, mo ní, "Dádì, ẹ wò ó báyìí, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́." Ẹ wo ojú mi, ẹ ní, "Má bínú, ọmọ mi," ẹ sì pa ilẹ̀kùn dé. Láti ọjọ́ náà, ẹ kò wọlé mọ́ nígbàkigbà tí Nàìjíríà bá wà lórí pápá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ kí oníbàárà máa gbọ́ ayọ̀ láti ilé ẹlòmíràn, ìta ilé ara yín ni ẹ ti ń gbọ́ tiyín.

Ayé yí padà. A ra díìṣì, kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó lè da àwòrán rú mọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gé wáyà áńtẹ́nà kúrò, ọ̀pá náà kò so mọ́ nǹkan kan mọ́. Síbẹ̀ ẹ ń jáde lọ dì í mú. Èmi ti lọ sí ilé ọkọ ní Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ bọ́ọ̀lù, màá tètè ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní ọjà Aswani, màá sì wá sí Mafolúkù láti dúró lójú fèrèsé mi. Ohun kan wà tí ẹ kò mọ̀ pé mo mọ̀. Àwòrán orí díìṣì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, àwọn ará òpópónà kejì tí wọ́n ṣì ń lo áńtẹ́nà á ti pariwo góòlù kí àwa tó rí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà níta á ti gbọ́. Ẹ ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ó sì dákẹ́, ẹ ó jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín tìyanu-tìyanu. Èmi á ti rí ẹ̀rín náà, màá ti mọ̀ pé a ti gbá a wọlé. N kò sọ fún yín rí.

Nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé yín mọ́, mo gbé yín wá sí ọ̀dọ̀ mi ní Ìsọlọ̀. Ìyá wa bá yín wá. Ọjọ́ tí Nàìjíríà fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin, mo rí i tí ẹ di apá àga mú, tí ẹ fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ kọ̀. Ẹ ní, "Bùnmi, gbé mi síta." Ara yín ń gbóná, ìyá wa kò gbà. Ẹ ní ó dáa, kí n yí àga yín kọjú sí ògiri. Mo yí i, mo sì ń sunkún bí mo ṣe ń yí i. Ọkùnrin tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún kọjú sí ògiri nítorí ọ̀rọ̀ tí ọmọ kékeré sọ.

Ara mi kò gbà á. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó lónìí." Mo dá àga padà. Ẹ kọ́kọ́ tẹrí ba, ẹ ń wo ọwọ́ yín. Nígbà tó yá, ẹ gbójú sókè. Ẹ wà níbẹ̀, ẹ lajú sílẹ̀, ọmọ wa kan gba bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gé ẹni méjì sílẹ̀, ó sì gbá a wọlé. Ìyá wa pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin kò pariwo. Ẹ ní, "Ó wọlé, mo sì wà ńbí."

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ wó lé mi lórí. Kì í ṣe ẹ̀yin ni. Kò fìgbà kan jẹ́ ẹ̀yin. Gbogbo òjò yẹn, gbogbo ẹ̀fọn yẹn, gbogbo ọdún yẹn, lásán ni. Mo kúnlẹ̀ níwájú yín, mo ní, "Dádì, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo lé yín síta." Mo sọ ti ọjọ́ tí ẹ yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé, ẹ sì sọ èyí tí mo kọ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé:

"Lé mi síta kẹ̀? Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé irọ́ ni pé dídúró mi nídìí áńtẹ́nà yẹn ló ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Èmi tí mò ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Àmọ́ tí mo bá wọlé, wàá lọ jókòó sáàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Tí mo bá wà níta, ìwọ lo máa bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan àtààbọ̀. Ta ló tún rí ọmọ tó ń bá a sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tí mo yọjú yẹn, mi ò gbọ́ ohùn ẹ ni. Mo ní kí n wá wò ó bóyá kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́."

Lẹ́yìn náà ẹ di ojú yín, ẹ fi orí ti àga, ẹ ní, "Ó yá, máa sọ ọ́ fún mi." Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín, mo sì sọ ìyókù fún yín. Ẹ bi mí pé, ṣé ó fò lókè ni, àbí ilẹ̀ ló gbà? Mo sọ ọ́ títí ó fi yé yín. N kò rántí iye tí bọ́ọ̀lù náà parí sí. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ẹ fi wá sílẹ̀.

Mo lọ sí Mafolúkù lọ́sẹ̀ tó kọjá láti kó àwọn irinṣẹ́ yín. Ọ̀pá náà ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ti dógùn-ún láti òkè dé ilẹ̀, àfi ibi tí ọwọ́ yín máa ń dì mú, ibẹ̀ ṣì ń dán. Bàbá Ràsákì bi mí bóyá kí àwọn yọ ọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Bàbá mi, ìyá wa wà lábẹ́ ìtọ́jú wa, ẹ má ṣe àníyàn. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ wa bá tún wọ pápá, màá ṣí fèrèsé, màá sì ròyìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹni tó bá fẹ́ máa fi mí rẹ́rìn-ín. N kò ní dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹ má baà tún wá wò mí lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ó ti kílíà, Dádì. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lára ọ̀pá, kí ẹ sùn re o.