Igi Ìṣáná Lábẹ́ Ọ̀dà Ilẹ̀kùn Wa

Ní Marzahn, ní ìlà-oòrùn Berlin, ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀kùn Jámánì kì í ṣe ilẹ̀kùn tí ènìyàn ní láti tú súkúrù rẹ̀ kí ó tó lè gbé e kúrò. Àgbékọ́ rẹ̀, èyí tí àwọn káfíńtà wa ń pè ní hínjì, jẹ́ apá méjì. Apá kan wà lára férémù, ó ní ọ̀pá irin kékeré tó nàró. Apá kejì wà lára ilẹ̀kùn, ó ní ihò tí ọ̀pá náà ń wọ̀. Bí ènìyàn bá di ilẹ̀kùn náà mú, tí ó sì gbé e sókè díẹ̀, yóò yọ wẹ́rẹ́. Bí òtútù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi àti ìyàwó mi a máa gbé ilẹ̀kùn àwọn yàrá wa kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó fi àkísà nu ìdọ̀tí dúdú tó ti ṣù mọ́ ọ̀pá irin náà, a ó fi gíríìsì díẹ̀ pa á, a ó sì dá ilẹ̀kùn padà sí àyè rẹ̀. Ilé gogoro tí wọ́n fi pẹpẹ kọnkéré tò jọ ni ilé náà, kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ ń gbọ́ràn.

Iṣẹ́ ló gbé wa kúrò níbẹ̀ lọ sí Hamburg. Wọ́n gbà mí ní èbúté gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀rọ tí yóò máa ṣàyẹ̀wò àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹténà sókè. Ìyàwó mi rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, a sì rí ibùgbé nínú ilé alájà púpọ̀ kan ní Wilhelmsburg, ní erékùṣù tí odò Elbe yí ká. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé nígbà náà. Ilé náà tó wa gbé, owó rẹ̀ kò wọ́n jù, ojú fèrèsé rẹ̀ sì kọ sí àwọn igi. Ilẹ̀kùn àbáwọlé rẹ̀ nìkan ni ó kọ́kọ́ kọ mí lóminú.

Ilẹ̀kùn ńlá ni. Wọ́n fi irin sí i nínú kí iná má baà lè gba ibẹ̀ kọjá láti orí àtẹ̀gùn. Láti ọjọ́ tí a kó dé ni ó ti ń ké bí a bá ṣí i, igbe gígùn kan tó ń wọni léegun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì máa ha ilẹ̀. Mo gun àga, mo wo hínjì òkè. Ọ̀dà funfun tuntun ni wọ́n kùn bò ó, ó nípọn ju bí ó ti yẹ lọ, ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun sì ti là á kọjá. Mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà. Igi ìṣáná ni mo rí. Ẹnì kan ti ṣẹ́ igi ìṣáná sí wẹ́wẹ́, ó ti kì wọ́n bọ inú ihò súkúrù pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, ó wá dá súkúrù padà sáàárín wọn. Igi férémù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti jẹrà. Ó rọ̀ bí búrẹ́dì tó rẹ sínú omi. Iṣẹ́ mi ni láti mọ ohun tí ìwúwo ń ṣe sí ohun tí kò lágbára láti gbé e.

Mo kọ̀wé sí Hausverwaltung, àwọn tó ń bójú tó ilé náà fún onílé. Wọ́n fèsì pé àtúnṣe kéékèèké jẹ́ ojúṣe ayálégbé. Mo kọ̀wé padà pé kí wọ́n jẹ́ kí n pààrọ̀ férémù náà nígbà náà. Wọ́n fèsì pé férémù jẹ́ ohun-ìní onílé, ayálégbé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní ìkẹyìn wọ́n rán Hausmeister wá, ọkùnrin tó ń tún ilé ṣe. Ó fún súkúrù náà le, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ó ti dáa."

Mo ní, "Súkúrù yìí kò rí nǹkan kan dì mú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa rọra ṣí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pọ̀ nínú ilé kan lẹ máa ń ba ilẹ̀kùn jẹ́."

Mẹ́ta péré ni wá. Mo bi í pé ta ló fi igi ìṣáná síbẹ̀. Ó wo ojú mi, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo ra súkúrù tó gùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n igi tó ti jẹrà kò mọ súkúrù gígùn yàtọ̀ sí kúkúrú. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè gbé ilẹ̀kùn náà kúrò, nítorí ta ni yóò sùn nínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn?

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù lọ nìyí. A ti kọ́ ọmọ wa láti kékeré pé bí òbí bá ti òde dé, kí ó lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó kúnlẹ̀ kí i, kí ó má sì dìde títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Jámánì ni ó fi ń ka ìwé, Jámánì ni ó fi ń ṣeré, àní bí a bá bá a sọ Yorùbá, Jámánì ló sábà fi ń fèsì. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ yẹn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ní ilé yìí, abẹ́ ilẹ̀kùn gan-an ni ibi tí ó ń kúnlẹ̀ sí. Bí mo bá wà ní èbúté, tí mo rí kọ̀ǹténà tó ń fì lókè, orí ọmọ mi ni mo ń rí lábẹ́ rẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà mọ́, kí ó máa kí wa láti inú pálọ̀.

Ó fi Jámánì bi mí pé kí ló dé, "Warum?"

Mo ní, "Nítorí mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ìgbà náà ni màmá mi ti Abẹ́òkúta wá bẹ̀ wá wò. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, mo wọlé, ọmọ náà sì jókòó sórí àga, ó juwọ́ sí mi. Màmá mi dìde dúró.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí bàbá nílé yín nìyẹn?"

"Màmá, èmi ni mo ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn kò dára."

"Ilẹ̀kùn! Ilẹ̀kùn ni kò ní jẹ́ kọ́mọ kúnlẹ̀? Ìwọ yìí, òyìnbó ti wọ̀ ọ́ lára ju àwọn òyìnbó gan-an lọ."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ bá mi sọ fún un o. Ó ti lálàá ilẹ̀kùn yẹn tó báyìí."

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mú màmá mi lọ sábẹ́ hínjì náà, mo fi igi ìṣáná hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n ní káfíńtà ilé wọn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé igbe tí ilẹ̀kùn ń ké ni ó ń kó mi láyà jẹ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ó ṣáà jẹ́ pé àwọn ni yóò máa ṣílẹ̀kùn, díẹ̀díẹ̀, kí èmi lè fi èjìká gbé e láti ìta. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ síbi iṣẹ́, wọ́n gbé ìgò àdín tí wọ́n mú wá láti ilé fún ara ọmọ, wọ́n sì rọ ọ́ sí hínjì méjèèjì lọ́pọ̀ yanturu. Bí mo ti dé, òórùn àdín ti gba orí àtẹ̀gùn kan. Ilẹ̀kùn náà ṣí láìfọhùn.

"Ó tán!" ni màmá mi wí. "Kí ni gbogbo ìwé tó o kà wà fún?"

Inú wọn dùn débi pé n kò mọ bí mo ṣe lè sọ fún wọn pé igbe yẹn ni mo fi ń mọ bí hínjì náà ti ṣí kúrò tó. Nísinsìnyí tí ó ti dákẹ́, kò sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù, èmi tètè kúrò níbi iṣẹ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo tẹ aago. Dípò ti màmá mi, ẹsẹ̀ kékeré tó ń sáré bọ̀ ni mo gbọ́. Mo pariwo pé, "Má ṣí i!" ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà nípọn, ó sì ti ṣí i kí ohùn mi tó wọlé. Ọmọ mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Dádì." Mo sì rí i tí hínjì òkè ń fà kúrò lára férémù, díẹ̀díẹ̀, bí eyín tó ti jẹrà ṣe ń fà kúrò nínú èrìgì.

Mo ju àpò mi nù, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí ilẹ̀kùn náà mú. Ó ti dagun sínú ilé, ó dorí kọ ọmọ náà. Etí irin rẹ̀ wọ inú ìka mi. Ó ń fà mí lọ. Mo kígbe pé, "Kúrò níbẹ̀! Dìde! Mo ní kó o kúrò!"

Kò kúrò. Ó gbójú sókè, ó gbọ́ ohùn tí n kò fi bá a sọ̀rọ̀ rí, ó sì ṣe ohun tí a kọ́ ọ láti ṣe bí àgbà bá ń bínú. Ó fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó tẹrí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì. Ẹ má bínú. Mi ò ní ṣí i mọ́."

"Dìde!"

Bí mo ṣe ń pariwo sí i ni orí rẹ̀ ń súnmọ́ ilẹ̀ sí i. Láti ilé ìdáná, níbi tí wọn kò ti lè rí wa, màmá mi dá sí i: "Kí lo tún ṣe fún bàbá ẹ? Bẹ̀ ẹ́ dáadáa o! Má dìde títí yóò fi dá ẹ lóhùn!"

Ó wá yé mi pé ohùn mi ni ó dì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lápá mi. N kò mọ ibi tí mo ti rí ohùn jẹ́jẹ́ náà.

"Ọmọ dáadáa," ni mo wí, "o ṣeun tó o kí mi. Inú kò bí mi. Dìde, lọ bá mi bu omi wá."

Ó dìde. Ó dúró, ó wò mí. "Omi tútù, Dádì?"

"Omi tútù ni. Máa lọ."

Ó kọjá sí ilé ìdáná, ìka mi sì tú. Ilẹ̀kùn náà wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo tó mi gbogbo ilé. Pẹpẹ onígi tí a ń to bàtà sí, èyí tó wà lẹ́yìn ibi tí ó kúnlẹ̀ sí, fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí màmá mi jáde, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wo bàtà, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwá àga.

"Èmi ni mo ní kó má dìde," ni wọ́n ń tún sọ. "Èmi ni mo ní kó má dìde."

Àwọn aládùúgbò ti ń jáde sórí àtẹ̀gùn. Obìnrin ará Tọ́kì kan tó ń gbé lókè wa rí igi ìṣáná tó tú ká sílẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn tòun náà ń ké. Mo fi aṣọ di ọwọ́ mi, mo gbé àga, mo tẹ̀ lé e. Ọ̀dà kan náà, igi ìṣáná kan náà. Ilé tó kàn án, bákan náà. Àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú ilé wọ̀nyí.

Kò pẹ́ tí Hausverwaltung fi rán ènìyàn wá fi férémù tuntun sí i fún wa, àwa nìkan. Ọkùnrin kan láti Hausverwaltung pè mí lórí fóònù.

"Tiyín ti parí. Ti àwọn yòókù kò kàn yín."

Mo ní ó kàn mí. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, mo sì ha ọ̀dà orí hínjì wọn kúrò kí olúkúlùkù lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Màmá mi ló ń bá mi di àga mú. Wọn kò gbọ́ Jámánì, ṣùgbọ́n wọn a nawọ́ sí hínjì, wọn a sì fi ọwọ́ júwe ìwọ̀n gíga ọmọ, ó sì ń yé gbogbo ènìyàn. Hausverwaltung kọ̀wé pé àwọn yóò pè mí lẹ́jọ́ nítorí mo ba ohun-ìní jẹ́. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́. Ìwé ìgbélùú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àkókò tí a ó tún un gbà, ìyàwó mi kò sì lè jẹun. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ ná, ọmọ wa ṣáà wà láàyè." Mo dá a lóhùn pé ọmọ ẹlòmíràn ni yóò kàn bí a bá dákẹ́. Mo fèsì sí wọn pé kí wọ́n pè mí, kí a lè sọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà náà níwájú adájọ́.

Wọn kò pè mí. Ní ìgbà òjò dídì ni àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n sì ń pààrọ̀ férémù láti àjà dé àjà. Ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ìsàlẹ̀ sọ pé àtúnṣe ọdọọdún ni. Mo ń kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹni tó bá kà á lè mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n ṣe é nítorí ilẹ̀kùn kan wó, ọmọ mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀.