Díìṣì Tó Kọjú sí Ìwọ̀-Oòrùn

Mi ò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé mi ò mọ nǹkan. Àléébù mi nìyẹn, òun ló sì kó bá mi lọ́dún tí bàbá mi wá gbé lọ́dọ̀ mi.

Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà, ni mo bá lọ kó wọn láti Ọ̀yọ́ wá sílé wa ní Under G, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Mùsùlùmí paraku ni wọ́n. Èmi ní tèmi, mo ti bá ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn wọ́n débi pé ọdún mẹ́ta ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n bi mí pé, "Níbo ni gábàsì?" Ìhà Mẹ́kà ní ìlà-oòrùn ni wọ́n ń bèèrè, ibi tí wọ́n máa kọjú sí kírun. Ṣé kí n wá ní mi ò mọ̀ ni? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé l'Ọ́yọ̀ọ́, ibi tí díìṣì tẹlifíṣọ̀n orí òrùlé wa kọjú sí náà ni bàbá mi ń kọjú sí. Wọ́n á ní, "Ẹ wo Alájì orí òrùlé, òun náà ń kírun." Mo sáà gbà pé gbogbo díìṣì ayé, gábàsì ni wọ́n ń wò. Mo jáde lọ wo tiwa, mo sì tẹ́ ẹní wọn síbi tó kọjú sí ní bàráńdà. Oṣù mẹ́fà ni mo fi tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú búútà omi àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá mi ò rí oòrùn. Ta ló ráyè oòrùn?

Òjò kan wá yẹ díìṣì náà. Mo pe ẹni tó ń so ó wá láti Takie, mo ní, "Ẹ má yí i kúrò ní gábàsì o."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, gábàsì kẹ̀? Ìwọ̀-oòrùn ni sátẹ́láìtì tí díìṣì yín ń wò wà."

"Ṣé sátẹ́láìtì ju ẹyọ kan lọ ni?"

Ó ní wọ́n pọ̀ lókè, kálukú ló ní ojúkò tirẹ̀. Ó ní wọ́n ń sáré, síbẹ̀ wọn ò kúrò lójú kan.

"Bí nǹkan bá ń sáré, ṣé ó tún lè dúró?"

"Ayé ń yí, Àǹtí, òun náà ń bá a yí. Ìyẹn ni ò fi kúrò lórí wa."

Orí mi dàrú. Oṣù mẹ́fà! Mo ti jẹ́ kí bàbá mi máa kọ ẹ̀yìn sí Mẹ́kà. Bí mo bá sọ, wọ́n á ní ṣọ́ọ̀ṣì ló rán mi. Bí mi ò bá sọ, ìrun wọn ńkọ́? Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe, mi ò sì lè jẹun.

Ní ọjọ́ kẹta, mo pinnu pé màá jẹ́wọ́ kí wọ́n tó kírun alàásárì. Mo bá wọn lórí ìkúnlẹ̀. Orí ẹní wọn ti bó níbi tí iwájú orí wọn ti ń kàn án. Wọ́n fọwọ́ wá ibẹ̀ kàn, wọ́n yí ẹní náà padà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, wọ́n kírun. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n tún yí i padà sí bí mo ṣe tẹ́ ẹ.

"Háà! Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kejì. Oòrùn alàásárì ń jó mi lójú. Ẹ̀yìn ló yẹ kó ti máa jó mi."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mo rò pé o ti kọ ẹ̀yìn sí mi. Ìwọ náà lo wá ń tẹ́ ẹní ìkírun fún mi. Ṣé kí n wá sọ pé o ò tẹ́ ẹ dáa ni?"

Títí dòní, ọ̀rọ̀ ohun tó ń sáré tó sì dúró yẹn ò yé mi. Ṣùgbọ́n ní àsùbáà ọjọ́ kejì, mo tẹ́ ẹní sí gábàsì gan-an. Bàbá mi fọwọ́ wá ibi tó bó, wọ́n bá a níbi tó yẹ kó wà, wọ́n ní, "O gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi." Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún.